Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Ọmọ Ṣe É: Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ápù kan tí wọ́n yà sórí ìwé, tí wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kó tó ogójì ọmọ, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn fi kíréyọ̀nù pupa kùn ún, kí ẹnikẹ́ni má sì kùn kọjá ìlà: ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wa ń pè ní iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Ọmọ tó kùn ún dáadáa gba ìyìn. Ọmọ tó fi àwọ̀ ewé kùn ún gba ìbáwí. Bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè wa, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kòkó ló wà lóko, obì ló wà lórí àtẹ, òkè ló yí ìlú ká. Ọmọ náà lè má tíì fi ojú kan igi ápù rí. Ohun tó mọ̀ kò wọ kíláàsì, èyí tí kò mọ̀ ni a ní kó kùn.

Mo fẹ́ kí á fi ìwé ápù yẹn sílẹ̀. Kíkùn inú ìlà kò ní pa ọmọ lára. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò sí ìpinnu kankan tó jẹ́ ti ọmọ. Ẹlòmíràn ló yan àwòrán, ẹlòmíràn ló yan àwọ̀, ọwọ́ nìkan ni ọmọ yá wọn lò. Iṣẹ́ ọnà ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti pinnu ohun tí yóò ṣe àti bí yóò ṣe ṣe é, kódà bí àgbàlagbà kò bá rí orí tàbí ìdí ohun tó ṣe. Àwọn àǹtí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n òbí àti ìyá àgbà tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nílé. Kò gba owó ńlá. Ohun tó gbà ni àyè, àkókò, àti kí àgbà kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Àwa tí a wà ní Ọ̀ṣun kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní Òṣogbo, lọ́dún 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ilé ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo sílẹ̀. Lọ́dún 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì rí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ọnà rí: àwọn kan ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ tíátà Ládípọ̀, Jímọ̀ Bùráímọ̀ sì ni ó ń tọ́jú iná orí ìtàgé. Ohun èlò àti àyè ni wọ́n fún wọn. Wọn kò gbé àwòrán kankan síwájú wọn pé kí wọ́n dà á kọ. Nígbà tó yá, Bùráímọ̀ mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe adé ọba, ó ń tò ó mọ́ pátákó bí ẹni ń kun àwòrán, orúkọ rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Ibẹ̀ náà ni àwọn ayàwòrán Twins Seven-Seven àti Múráínà Oyèlámì ti jáde. Wọn kì í ṣe ọmọdé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn, pé kí á tẹ́ ohun èlò sílẹ̀ kí á sì yẹra, ó bá ọmọ ọdún mẹ́ta mu ju bó ti bá àgbà mu lọ. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré sílẹ̀ ní Blankenburg lọ́dún 1837, náà fi amọ̀, ìwé híhun àti igi kéékèèké sí ọwọ́ àwọn ọmọ kó tó kan ìwé kíkà.

Ohun tí ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Ọmọ ọdún méjì ń fi gbogbo apá yàwòrán. Ó di ẹ̀ẹ́dú mú bí ẹni tó di ọmọ odó mú, ó sì ń fà á síwá sẹ́yìn. Wúruwùru ni lójú wa. Lójú tirẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun tí ọwọ́ òun bá ṣe ń fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ ni. Ìwé ńlá ló yẹ ẹ́, tàbí ilẹ̀ gbangba, àti ohun ìyàwòrán tó nípọn. Tó bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọn ìlà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ara wọn, á di òbìrípo. Ọjọ́ tí òbìrípo àkọ́kọ́ bá jáde, ohun ńlá ló ṣẹlẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ojú, oòrùn, àkàrà àti lẹ́tà O yóò ti wá.

Ní ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí kó lé díẹ̀, ẹ ó rí èèyàn tó jẹ́ orí nìkan, tí ẹsẹ̀ méjì yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tí ọwọ́ sì yọ níbi etí. Ẹ má ṣe bá a fi ikùn sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Viktor Lowenfeld, ẹni tó kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947, to àwọn ìpele náà léra, ó sì rọ olùkọ́ pé kí wọ́n má ti ọmọ sáré láti ọ̀kan dé èkejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ń fa ìlà ilẹ̀ sísàlẹ̀, ó ń fi ọ̀run sókè, ó sì lè ya ìyá rẹ̀ kó tóbi ju ilé lọ. Kò ṣìṣe, ẹni tó ṣe pàtàkì jù ló yà tóbi jù.

Nípa àkókò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ ọdún márùn-ún tí amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jókòó fún ìdajì wákàtí kó má sì mọ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nítorí pé aago lù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Àwọn ọmọ kan wà tí ọwọ́ òsì ni ọwọ́ agbára wọn. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ìwà ọmọlúàbí sì ni, kí á kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n yíya àwòrán kì í ṣe ìkíni. Àǹtí tó ń lu ọwọ́ òsì ọmọ, tó ń já kíréyọ̀nù gbà tó sì ń kì í bọ ọwọ́ ọ̀tún, ó ń dá ọmọ náà dúró níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré. Ẹ jẹ́ kó fi òsì yàwòrán, kó fi òsì mọ amọ̀, kó sì fi ọ̀tún gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ bàbá àgbà. Ọmọ lè mọ méjèèjì.

Láti iyanrìn dé amọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iyanrìn, nítorí pé kò ná yín ní nǹkan kan, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì pẹ́ pa rẹ́. Ẹ bu iyanrìn odò tó kúnná, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sá a gbẹ. Ẹ dà á kó ga tó ìka méjì sínú páálí tí a gé etí rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ọpọ́n tí kò jìn, ọmọ méjì sí ọpọ́n kan. Ìka ni wọn yóò fi yà á, igi kékeré, ìdérí ìgò, ohun tó bá wù wọ́n. Bí wọ́n bá mi ọpọ́n, ojú rẹ̀ á tún tẹ́. Ọmọ tí ẹ̀rù ìwé funfun ń bà kì í bẹ̀rù iyanrìn. Ẹ máa bò ó lálẹ́. Bí ẹ kò bá bò ó, ológbò yóò sọ ọ́ di ilé ìgbẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Amọ̀ ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun èlò yìí. Kò sí ohun tí à ń rà tó lágbára tó o fún ọwọ́ ọmọ: a ń tẹ̀ ẹ́, a ń lù ú, a ń fún un, a ń yí i, iṣan ìka tí yóò di pẹ́ńsù mú lọ́la sì ń le. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ìkòkò láyé àtijọ́. Ẹ ha ilẹ̀ òkè kúrò kí ẹ tó bu ti ìsàlẹ̀, kó má sì jẹ́ ìtòsí ṣáláńgá, àkìtàn, tàbí ibi tí àgbẹ̀ ti ń fọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó. Ẹ sá a gbẹ pátápátá nínú oòrùn, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ kí òkúta àti gbòǹgbò lè jáde. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ tẹ́ ìyókù sórí àpò títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Kí ẹ tó gbé e fún ọmọ, ẹ yí díẹ̀ gbọọrọ bí ìka, ẹ wé e mọ́ ìka yín. Bó bá sán, omi rẹ̀ kéré tàbí kò tíì pò dáadáa. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ìwọ̀n ọsàn kan tó fún ọmọ kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n mọ nǹkan kan. Wọn yóò lù ú, wọn yóò ki ìka bọ̀ ọ́, wọn yóò fi èékánná tẹ ilà sí i lójú. Nígbà tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, àwọn kan á ti máa pe tiwọn ní ejò, àwọn kan á ní ìkòkò ni. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá mú amọ̀ tiyín, kí ẹ yí i gùn, kí ẹ ká a léra bí àwọn amọ̀kòkò ti ń ṣe, kí ẹ sì tún ba tiyín jẹ́ kó má di ohun tí wọ́n ń dà kọ. Ẹ kọ́ wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ lẹ apá mọ́ ara, kí wọ́n fi igi họ ojú méjèèjì, kí wọ́n fi omi amọ̀ pa á, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àìmọ èyí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹṣin já, tí ọmọ á wá bú sẹ́kún. Ẹ gbẹ ẹ́ ní abẹ́ ibòòji fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Oòrùn òjijì máa ń sán an. Ẹ fi ọ̀rá wé amọ̀ tó kù kó má bàa le.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ìyẹ̀fun àti iyọ̀ ni wọ́n ń pò dípò amọ̀. Ó mọ́ tónítóní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ kan nínú kíláàsì kò tíì jẹun kó tó wá, ojú ń tì mí láti fi oúnjẹ ṣeré níwájú rẹ̀. Amọ̀ wà nílẹ̀.

Ọ̀dà tí a lè sè, búrọ́ọ̀ṣì tí a lè gé

Ọ̀dà ọmọdé kò le. Ẹ po ṣíbí ńlá mẹ́rin táàṣì gbágùúdá pẹ̀lú ìdajì ife omi tútù títí kókó inú rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ da ife omi gbígbóná méjì sí i díẹ̀díẹ̀ lórí iná, kí ẹ máa rò ó títí tí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu tí yóò sì máa dán. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó má tètè kan, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi kó lè fọ̀ kúrò lára aṣọ. Àgbà nìkan ni kó dé ìdí iná. Nígbà tó bá tutù, ẹ pín in sí agolo mílíìkì tí ẹ ti fi òkúta lu etí rẹ̀ kó má gé ọmọ lọ́wọ́, tàbí ìsàlẹ̀ ike omi tí a gé.

Àwọ̀ rẹ̀ wà lọ́jà. Osùn fún pupa, efun fún funfun, ẹ̀ẹ́dú tí a lọ̀ kúnná fún dúdú, àtalẹ̀ pupa tí a lọ̀ fún àwọ̀ ìyeyè. Pòròpórò ọkà bàbà tí a sè ń fúnni ní pupa tó jinlẹ̀. Ewé ẹ̀fọ́ tí a gún ń mú àwọ̀ ewé wá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ṣá, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá máa lò ó ni kí ẹ gún un. Ìyàlẹ́nu tó wà nínú ìṣápá pupa kò ṣeé fi pamọ́ fún ọmọ: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ pín in sí abọ́ mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, pupa rẹ̀ á tún tàn sí i. Ẹ kán omi ọṣẹ sínú èkejì, pupa á yí padà, á sún mọ́ aró. Ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wé e. Bákan náà ni omi ọṣẹ ń sọ àtalẹ̀ pupa di àwọ̀ tó sún mọ́ ti osùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kán an. Ẹ má ṣe sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún búrọ́ọ̀ṣì, pákò tútù ló dára jù tí mo mọ̀. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ọwọ́ ọmọ, ẹ fi òkúta lu orí rẹ̀ títí yóò fi tú bí irun. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi eyín rún un, kí wọ́n má bàa máa pààrọ̀ rẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu. Àjákù fóòmù tí a so mọ́ orí igi náà dára. Ìka sì wà níbẹ̀ fún ọmọ tí kò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ìwé kò ní wọ́n yín bí ẹ bá béèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Ẹ̀sà-Òkè, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pọ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo kì í tán nílé fọ́tòkọ́pì. Páálí bisikíìtì tí a tú, àpò sìmẹ́ǹtì tí a gbọn eruku rẹ̀ dànù pátápátá níta kí àwọn ọmọ tó dé, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù pàápàá, gbogbo wọn ló gba ọ̀dà.

Títẹ àwòrán wà fún ọjọ́ tí ọwọ́ bá dí. Ilá tó ti gbó kọjá sísè, ẹ gé e ní ìbú: òdòdó onígun ló wà nínú rẹ̀. Ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé ní ìbú kún fún ihò kéékèèké bí afárá oyin. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀dà, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ ṣọ́ra fún oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, kì í fọ̀ kúrò. Ewé kòkó náà, ẹ fi sábẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ kíréyọ̀nù fà á lórí. Gbogbo iṣan ewé náà á yọ síta.

Àdìrẹ kékeré

Wọ́n mọ Òṣogbo, ìlú aró, mọ́ àdìrẹ, ṣùgbọ́n àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ru aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ yìí, nítorí náà kò sí ohun tó ní kí ọmọ Ẹ̀sà-Òkè má fi ọwọ́ kan aṣọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wa fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún lè ṣe irú rẹ̀.

Ẹ tọrọ àgékù aṣọ òwú funfun lọ́wọ́ télọ̀, kó tó bí ojú ewé ìwé kan. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí táàṣì ilé iṣẹ́ jáde, ẹ sá a, ẹ fi nǹkan kàn án mọ́ páálí kó má máa ká. Ẹ ro láfún kó ki ju ọ̀dà wa lọ, kó lè dúró lára aṣọ láì ṣàn. Àwọn àgbà máa ń fi álọ́ọ̀mù àti àwọn nǹkan mìíràn sí tiwọn kó má bàjẹ́. Ẹ má fi ìkankan sí ti ọmọ. Kí ọmọ fi ìka, pákò tàbí ìyẹ́ adìẹ tí a ti fi ọṣẹ fọ̀ tí a sì sá yà á bó ti wù ú. Ẹ sá a nínú oòrùn títí yóò fi le gbandi. Nígbà ọyẹ́, kò ní pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n nígbà òjò ẹ fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà kí ọmọ fi fóòmù tẹ omi àtalẹ̀ tàbí omi osùn tó ki sórí gbogbo rẹ̀. Ó tún di sísá. Nígbà tó bá gbẹ, ọmọ á fi èékánná àti ṣíbí ha ẹ̀kọ kúrò, funfun á yọ. Ariwo tó máa ń sọ nínú kíláàsì ní àkókò yẹn, ẹ múra sílẹ̀ dè é. Àwọ̀ náà kò ní dúró bí aró gidi, omi sì máa mú un lọ, nítorí náà kí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, kó má di aṣọ ìfọ̀.

Aró gidi ńkọ́? Rárá. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rẹ lónìí ń lo kọ́sítíìkì sódà, tó ń bó ara tó sì ń fọ́ ojú. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i, ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ aláró, kí wọ́n dúró jìnnà, kí wọ́n wo bí aṣọ ti ń jáde ní àwọ̀ ewé tí atẹ́gùn sì ń sọ ọ́ di aró lójú wọn.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ

Èso ojú ológbò, pupa tó rẹwà tó ní ojú dúdú, ni kí á kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn èèyàn ń sìn ín bí ìlẹ̀kẹ̀. Májèlé inú rẹ̀ le débi pé ọmọ tó bá rún un lẹ́nu lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso láàrà; èso làpálàpá sì ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ìkankan kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì.

Ẹ má fi tìróò ṣe dúdú. Òjé máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láì pariwo. Ẹ má fọ́ bátìrì àtijọ́ láti rí dúdú inú rẹ̀, bí àwọn kan ti ń ṣe láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Ẹ má bu ọ̀dà ilé tó ṣẹ́ kù. Ní ilẹ̀ kòkó bíi tiwa, mo ń tẹnu mọ́ èyí: agolo tàbí ìgò tí oògùn kòkó ti wọ̀ rí kò ṣeé fi ṣe ohun ìpo ọ̀dà, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń fi ẹnu dán gbogbo nǹkan wò. Ohunkóhun tó bá lè wọ inú páálí róbótó tí tíṣù ilé ìgbẹ́ máa ń wé mọ́, ó lè há a lọ́fun: ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì, ìdérí ike. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sókè, ẹ lè fún wọn ní èyí tó tóbi díẹ̀, kí ẹ kà á kí ẹ tó pín in, kí ẹ sì kà á nígbà tí ẹ bá gbà á padà. Sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ yípo ni kí wọ́n lò. Yíya ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣáájú. Ó ń kọ́ ọwọ́ méjèèjì láti ṣiṣẹ́ pọ̀.

Bí wọ́n bá jẹ́ ogójì

Àǹtí kan kò lè fi ọ̀dà fún ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ni kó wà nídìí ọ̀dà lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi àwọn yòókù sí ìdí iyanrìn, amọ̀ àti ìwé yíya, àwọn tí kò béèrè ojú yín jù. Ọ̀la ni kí ọ̀wọ́ mìíràn dé ìdí ọ̀dà. Abẹ́ igi dára ju inú yàrá lọ. Ẹ̀wù bàbá tó ti gbó, tí a wọ̀ fún ọmọ kí bọ́tìnnì wà lẹ́yìn, ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ìyá tó ń bínú nítorí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ kó wà nílẹ̀ kí ọ̀dà tó jáde. Kí àwọn ọmọ náà kópa nínú títún ibẹ̀ ṣe, kódà bí wọ́n bá ń da omi sílẹ̀.

Kí ni àǹtí ń sọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ? Díẹ̀. "Kí nìyí?" máa ń dun ọmọ, nítorí ó rò pé ó hàn gbangba. "Ó dára" lásán kò kún un lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "O mà fa ìlà yìí gùn o." "O fi osùn yí funfun yìí ká." Kí ẹ wá ní: "Rọ́ ìtàn rẹ̀ fún mi." Ẹ kọ ohun tó bá sọ sísàlẹ̀ iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ bó ti sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tún un ṣe. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tó bá rí i pé a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òun sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí ìwé kíkà wà fún.

Ẹ má fi pẹ́ńsù yín kan iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má fi imú sí i, ẹ má tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń fa á: àwọn òbí ń bọ̀ ní òpin sáà, a fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó dùn ún wò, àǹtí á wá jókòó di ọ̀gànjọ́ òru kó tún iṣẹ́ ogójì ọmọ ṣe. Ọmọ máa ń mọ̀. Yóò dúró níwájú iṣẹ́ tí wọ́n ní òun ló ṣe é, kò sì ní rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn òbí kan á béèrè pé, "Ṣé nítorí kó máa ṣeré amọ̀ ni mo ṣe ń san owó?" Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ fi ìwé ọmọ wọn hàn wọ́n, láti oṣù dé oṣù. Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, ti ń ṣètọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láti ìparí àwọn ọdún 1950, tó sì lo káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, tí ìlà orí rẹ̀ ń fi hàn bóyá ọmọ ń wúwo sí i. Káàdì yẹn tàn ká àgbáyé. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún ọwọ́ ọmọ: páálí kan fún ọmọ kan, iṣẹ́ kan tàbí méjì lóṣù, orúkọ àti déètì lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tó bá rí wúruwùru oṣù kẹsàn-án, òbìrípo oṣù kìíní, àti èèyàn tó ní ìka márùn-ún ní oṣù kẹfà, kò tún ní béèrè ohun tí amọ̀ wà fún. Lẹ́tà A tí yóò kọ ní pírámárì, inú ọwọ́ yẹn náà ni yóò ti jáde.

Bí òbí kan bá sọ pé ẹ̀sìn òun kò fẹ́ kí ọmọ mọ ère tàbí kó ṣe ìbòjú, ẹ má bá a jà. Ilé, ìkòkò, ewé àti òkè Ẹ̀sà-Òkè ṣì wà tí ọmọ lè mọ.

Ní ọjọ́ àfihàn, ẹ gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sí ibi tí ojú ọmọ dé, kì í ṣe ibi tí ojú àgbà dé. Ẹ fi ti gbogbo ọmọ síbẹ̀, ẹ má ṣe to ìpò kìíní àti ìkejì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kó sì rọ́ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá wá wò ó. Bó bá dákẹ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó ti sọ tí ẹ kọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa kó iṣẹ́ wọn lọ sílé. Ẹ fi mẹ́ta péré sílẹ̀ nínú páálí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí ọdún, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà tí yóò gbà á ní pírámárì kìíní, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó sọ ọwọ́ tí ọmọ náà ń lò àti ohun èlò tó fẹ́ràn jù.